Èrò Pàtàkì Ìyá Mi

Òórùn àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa ló máa ń jí mi láàárọ̀. Kì í ṣe òórùn tó dùn. Ó máa ń dà bí òróró tó jóná, ó máa ń gba abẹ́ aṣọ ìkélé wọlé wá bá mi lórí ẹní, mo sì máa mọ̀ pé ìyá mi ti parí àdúrà wọn, pé wọ́n ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn kiri lábẹ́ àga. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní ní Ìgbògbò nígbà náà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ìyá mi ń ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Èkó, ẹni tó bá sì ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó níṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti dé gáréèjì Ìkòròdú kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù. Wọ́n á fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n á ní oúnjẹ wà nínú fúláàsì, wọ́n á ju ìlẹ̀kẹ̀ rósárì sínú báàgì, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ó rántí ìgbà yẹn. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní, àwọn tó ń ta ìpè sì wà lábẹ́ agboòrùn ní gbogbo ìkòríta. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Bàbá mi jẹ́ alábòójútó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń wálé, ẹja yíyan á wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó di oṣù kan. Nígbà tí mo fi wọ ìwé kẹfà, ó ti tó oṣù márùn-ún tí a ò ti rí wọn.

Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ìyá mi á ní iṣẹ́ ló dá wọn dúró. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀ lábẹ́ agboòrùn lọ́jọ́ tí ìyá mi pe nọ́ńbà bàbá mi, tí obìnrin kan gbé e, tó sì béèrè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó wà nílé ara rẹ̀, pé ta ló ń pe ọkọ òun. Ìyá mi dá fóònù padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ra ẹ̀pà fún mi, a sì rìn délé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ nígbàkígbà tí nǹkan bá le: "Ó rẹ̀ mí ni o, Àbíkẹ́. Kò sú mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí òrùlé ń jò. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì bàjẹ́, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ní agogo mẹ́sàn-án. Nígbà náà, n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín kó rẹni àti kó súni.

A kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọ tí a ti ń bọ̀ wà ní àárín ìlú Ìkòròdú, iṣẹ́ gidi ni àdúrà jẹ́ níbẹ̀. Wàá pàtẹ́wọ́, wàá fẹsẹ̀ janlẹ̀, wàá pariwo títí ohùn rẹ á fi há, olùṣọ́-àgùntàn á sì ní òun kò tíì gbọ́ ẹ. Olúkúlùkù ló ń bá Ọlọ́run sọ ti ara rẹ̀. Obìnrin kan níbẹ̀ sọ fún ìyá mi pé bí wọn ò ṣe kígbe tó ni ilẹ̀kùn wọn ò ṣe ṣí. Ẹ wo ẹni tó jí ní agogo mẹ́rin, tó dúró nínú bọ́ọ̀sì lọ, tó dúró nínú bọ́ọ̀sì bọ̀, ẹ wá ní kó kígbe sí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí ìyá mi ń bọ̀ láti ọjà, wọ́n kan ìjọ Àgùdà tó wà nítòsí wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí a fi máa yí ìjọ padà, ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Wọ́n jẹ́ kí n jókòó."

Gbogbo nǹkan ló ṣàjèjì sí mi. Mo máa ń dìde nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá kúnlẹ̀. Èéfín tùràrí máa ń mú mi sín. Wọ́n ti sọ fún wa ní ìjọ wa àtijọ́ pé ère ni àwọn Àgùdà ń bọ, nítorí náà, ojú kan ni mo fi ń wo ère Màríà tó wà lápá òsì, tí ọmọ ìka rẹ̀ kan ti kán. Ṣùgbọ́n èyí tó rú mi lójú jù ni bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ àwọn ẹni mímọ́ níkọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ìjọ á sì máa dáhùn pé "gbàdúrà fún wa." Àwọn òkú ni mo kà wọ́n sí. Mo ń rò ó pé nígbà tí Ọlọ́run wà níbẹ̀, kí ló dé tí a ń rán èèyàn sí I?

Mo béèrè ní kíláàsì àwọn àlejò, àwa tí a ń múra ìrìbọmi, tí à ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Katikísì ló ń kọ́ wa, tísà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, ẹ̀rù wọn kì í bà wá. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní tí mo bá ṣẹ bàbá mi, tí bàbá mi mú ẹgba, ta ni mo máa ń sá tọ̀? Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ìyá onílé. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà nínú gbogbo ilé, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ti ró aṣọ mọ́ra tó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì mí," kò sí bàbá tó tún lè na ọmọ. Bàbá Katikísì ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹni mímọ́ kò gba ipò Bàbá. Ẹni tó ń bá wa bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí Ọlọ́run fi orí jì wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó máa bá ọ bẹ̀bẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́ fún un. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ilà sí i nídìí.

Ní ìjọ Àgùdà, ẹni tó bá ní ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí Fádà fi gbàdúrà fún un nínú Mísà. Èrò Mísà ni wọ́n ń pè é. Nítorí pé ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí ìyá mi tó ti Èkó dé, èmi ni wọ́n ń rán lọ sí ọ́fíìsì ìjọ pẹ̀lú àpòòwé lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo bá ti ilé ìwé dé. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, gọ́ọ̀mù àpòòwé náà kò mú dáadáa. Mo yọjú wò ó. Ohun tí ìyá mi kọ kò ju orúkọ wọn lọ, àti "fún èrò pàtàkì kan."

Inú bí mi sí wọn, kí n má parọ́. Oṣù mélòó ni mo ti ń gbé àpòòwé lọ síbẹ̀! Ó jẹ́ pé wọn ò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún ẹnikẹ́ni! Báwo ni Màríà ṣe fẹ́ bá wọn bẹ̀bẹ̀ nígbà tí kò mọ ẹni tó máa bẹ̀, tí kò sì mọ ìlú tó wà? Mo jókòó sórí pèpéle ọ́fíìsì náà, mo ya ewé kan nínú ìwé mi, mo sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dára jù kọ ọ́: pé kí Màríà Wúńdíá bá ìyá mi, Ìyáàfin Adéògún, bẹ bàbá mi, pé wọ́n wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan, pé ó ti pé oṣù márùn-ún, pé ìyá mi kì í sùn. Mo fi sínú àpòòwé, mo ju ti ìyá mi nù. Ayọ̀ ni mo fi ń sáré lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò mọ̀. A kì í tètè dé Mísà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìyá mi ní láti sùn díẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ti ń kọrin ìwọlé la máa ń yọ́ jókòó lẹ́yìn. Ṣáájú orin ìwọlé ni Bàbá Katikísì máa ń ka àwọn èrò náà sókè létí gbogbo ìjọ. N kò gbọ́ ọ rí. Mo rò pé níwájú ère ni wọ́n ń kó ìwé náà sí, kí àwọn ẹni mímọ́ kà á fúnra wọn.

Ọjọ́ Àìkú yẹn la tètè dé, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi àwa àlejò tó máa ṣe ìrìbọmi ní ọdún Àjíǹde han ìjọ. Ìyá mi wọ léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọn kì í sábà wọ̀. Ìlà kejì la jókòó sí. Bàbá Katikísì dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn wọn tí kì í gòkè tí kì í sọ̀kalẹ̀: ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí, ìrántí olóògbé, àlàáfíà fún arìnrìn-àjò. Wọ́n ṣí ìwé mi. "Kí Màríà Wúńdíá bá ìyá mi, Ìyáàfin Adéògún, bẹ bàbá mi. Wọ́n wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan." Ibẹ̀ ni ojú wọn ti kan ohun tí ẹnu wọn ń sọ. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n sì bọ́ sórí ìdúpẹ́ ẹni tó yege ìdánwò.

Ìyá mi kò dìde jáde. Wọ́n jókòó títí Mísà fi parí, ọwọ́ wọn méjèèjì lórí itan. Ìgbà tí wọ́n pe àwọn àlejò síwájú nìkan ni ìyá mi dìde, wọ́n lọ, wọ́n dúró, wọ́n padà. Níta, àwọn èèyàn tó máa ń kí wa pé ẹ kú ọjọ́ ìsinmi ń kí wọn pé "Ẹ kú ìrọ́jú." Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́rin kí a tó dé ẹnu géètì. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé mo ti tú àṣírí ìyá mi.

Mo retí kí wọ́n nà mí. Mo ti kúnlẹ̀ dè é pàápàá. Wọn ò nà mí, wọn ò tilẹ̀ bú mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n ń wo ògiri. Wọ́n ní, "Àbíkẹ́, ohun kan ṣoṣo tó kù mí kù náà ni pé àwọn èèyàn ò mọ̀." Wọn ò lọ sí ìjọ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Wọn ò lọ ní èyí tó tún tẹ̀lé e. Wọn ò tan àbẹ́là láàárọ̀ mọ́. Àjíǹde ń sún mọ́lé, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo lé wọn kúrò ní ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n jókòó.

Màmá Ágátà ló wá. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń darí àwọn obìnrin tó ń ka rósárì nínú ìjọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orókún ń dà wọ́n láàmú. Wọn ò wàásù. Wọ́n bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n fa àpótí, wọ́n bá wọn ṣà á. Wọ́n wá sọ pé àwọn máa lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé. Ìyá mi ní kò sí ẹni tó rán wọn. Màmá Ágátà ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí, pé kí ọmọ yìí sáà tẹ̀lé àwọn kó lè júwe bàbá rẹ̀. Ìyá mi kò sọ pé ó dáa, wọn ò sì sọ pé kò dáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo rí i tí wọ́n ń lọ aṣọ mi.

A wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú, a gba Ìmọ̀tá, a gba Ìtòìkín. Màmá Ágátà ń ka ìlẹ̀kẹ̀ wọn láìgbé ohùn sókè. Nígbà tí a kọjá ìyànà Ejinrin, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rò pé ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ máa ní ọ̀rọ̀ tó dájú lẹ́nu.

Lẹ́bàá ọ̀sà ni ibi iṣẹ́ bàbá mi wà. Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo ibẹ̀, òórùn igi tútù àti ti ẹja dà pọ̀. Bàbá mi rí mi, wọ́n sì dúró sójú kan. Lẹ́búlẹ́bú igi ti funfun sí wọn nípèéǹpéjú. Mo kúnlẹ̀ láti kí wọn, mo sì rí i pé Màmá Ágátà náà ń kúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ di ìtì igi kan mú, wọ́n gbé orókún kan sílẹ̀, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n gbé èkejì. Àgbàlagbà tó lè bí bàbá mi lọ́mọ. Àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ. Bàbá mi sáré wá, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde, pé kí wọ́n má ṣe báyìí fún àwọn. Màmá Ágátà ní, "N kò wá nítorí ara mi. Ìyàwó rẹ ni mo wá bá bẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè wá fúnra rẹ̀."

Bàbá mi sunkún. Mo rí i. Ibẹ̀ la wà tí obìnrin kan fi gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ọmọ jòjòló kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí wa tẹ̀ríbatẹ̀ríba, ó sì lọ dúró lọ́nà jíjìn. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré, ó sì ń bẹ̀rù wa. Bàbá mi ṣèlérí pé àwọn máa wálé ní Sátidé tó ń bọ̀.

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n jẹun, wọ́n tún nẹ́ẹ̀tì fèrèsé wa tó ti ya ṣe, wọ́n bi mí nípa ilé ìwé. Wọ́n lọ ní ọjọ́ kejì kí n tó ti Mísà dé. Wọn ò padà wá mọ́.

Inú bí mi sí gbogbo wọn lókè ọ̀run. Mo lọ bá Màmá Ágátà, mo bi wọ́n bóyá àwọn ẹni mímọ́ kò gbọ́ ni. Wọ́n wò mí. Ó ti rẹ àwọn náà. "Wọ́n gbọ́," ni wọ́n wí. "Bàbá rẹ náà gbọ́. Ó kọ̀ ni." Wọn ò fi nǹkan kan kún un, n kò sì gba ìdáhùn yẹn nígbà náà. Ọmọdé ni mí. Mo gbà pé tí a bá ti bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ó ti parí nìyẹn.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń rò bí mo ṣe ń dàgbà. Ìyá mi padà sí ìjọ. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wa ní Àjíǹde yẹn. Wọ́n ń lọ síbi rósárì àwọn obìnrin ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn kì í sì í gbà á dé ìdajì kí wọ́n tó máa tòògbé. Orí wọn á ṣubú sí èjìká Màmá Ágátà. Kò sẹ́ni tó máa jí wọn. Àwọn obìnrin yẹn á máa dáhùn "gbàdúrà fún wa" lọ, wọ́n á dáhùn tiwọn, wọ́n á dáhùn ti ìyá mi mọ́ ọn, títí tí wọ́n á fi parí. Gbogbo wọn ti mọ ohun tó ń ṣe ìyá mi. Mo rò pé ìtìjú yẹn máa pa ìyá mi, àmọ́ ó jọ pé ìgbà tí kò sí nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́ mọ́ ni wọ́n tó rí oorun sùn.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Èmi náà ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó níṣẹ́, mo sì ti mọ ìyàtọ̀ láàárín kó rẹni àti kó súni. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ọmọ tí mo rí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Àǹtí ló pè mí. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá wa, pé wọn ò lè dìde, wọ́n sì ń sunkún, pé wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ Màmá mi kí Màmá dárí ji àwọn. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó jókòó sórí pèpéle, tó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fún bàbá yìí kan náà, tó sì fi ayọ̀ sáré lọ sílé, n kò mọ ibi tí ó gbà lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ pọ̀, pé Màmá ò tíì sinmi, pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jíṣẹ́ náà bí ẹni ń ka ìwé tí wọ́n fi rán an. Mo ní bàbá ní kí n bá àwọn bẹ̀ wọ́n.

Kò ya ìyá mi lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì wọ́n tipẹ́, pé kí n pe ọmọ náà padà kí n sọ fún un kí bàbá rẹ̀ lè sinmi. Wọ́n wá wò mí.

"Ìwọ tó o wá bẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ti dárí ji bàbá rẹ?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ì bá ti dáhùn kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Èmi ń wo ilẹ̀.